Eérú, Ẹfun àti Amọ̀: Ìtàn Àtúnṣe Ilẹ̀ Ọgbà ní Ìdànrè

Àṣamọ̀

Ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìdànrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ìtàn kòkó. Ibi tí iṣẹ́ yìí kọjú sí yàtọ̀ díẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ àyíká ilé ni ó gbé yẹ̀ wò, pẹ̀lú ọ̀nà tí eérú, ìkarahun, ẹfun àti lẹ̀búlẹ́bú òkúta fi lè tún ilẹ̀ amọ̀ líle ṣe. Ó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé orí òkè, dé ìgbà tí kòkó gbòde, dé ìgbà ajílẹ̀ inú àpò, títí di ìgbà tí àwọn olùwádìí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó gbé eérú sórí òṣùwọ̀n. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó lè tún amọ̀ Ìdànrè ṣe kò fi ìgbà kan ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà padà sínú ilẹ̀ ni ó já.

Ìfáárà

Àgbẹ̀ Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe ilẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn wà, ilẹ̀ amọ̀ wà, ilẹ̀ yangí wà, ilẹ̀ àkùrọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú àti ilẹ̀ pupa wà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdájọ́ lórí ohun tí ilẹ̀ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú gbogbo wọn, ilẹ̀ amọ̀ ni ìwà rẹ̀ tako ara wọn jù. Amọ̀ ni amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò, òun ni àwọn baba ńlá fi mọ ilé, ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó jẹ́ kí ó ṣeé mọ ni ó jẹ́ kí ó nira fún ewédú láti yọ orí jáde nínú rẹ̀. Ní ìgbà òjò, ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, omi ń dúró lórí rẹ̀, gbòǹgbò kò sì rí afẹ́fẹ́ fà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le gbagidi bí ilẹ̀ inú ilé tí wọ́n ti lù.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ikú Jésù ni Pliny, ọmọ ilẹ̀ Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Gaul àti ti Britain a máa wa irú amọ̀ kan tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, wọn a sì fọ́n ọn ká orí oko. Ní ọdún 1832, Edmund Ruffin ti ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí bí irú ẹfun bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú ilẹ̀ kíkan tí ó ti gbó sọjí. Ohun tí ìtàn wọ̀nyí fi hàn ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ń lo ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀ láti fi dí ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣaláìní. Ohun tí ó jẹ́ ti Ìdànrè nínú ọ̀rọ̀ náà ni irú amọ̀ tí ó wà níbẹ̀, irú ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní lọ́wọ́, àti bí òwò àti àyípadà ìgbé ayé ṣe darí ohun náà gba ibòmíràn.

Òkúta Ìdànrè àti amọ̀ tí ó ti ara rẹ̀ jáde

Àwọn òkè Ìdànrè tí ojú ń rí láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ akọ òkúta. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ nípa òkúta ti wí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni òkúta náà ti yọ́ tí ó sì dì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti ìgbà tó ṣí ìbòrí rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò rí ẹyọ ńláńlá tí àwọ̀ wọn mọ́ ju ti ara òkúta yòókù lọ. Feldspar ni wọ́n ń pe ẹyọ wọ̀nyí, pòtásíọ́mù sì pọ̀ nínú wọn. Pòtásíọ́mù yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe aláìní.

Bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí òkúta yìí fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni feldspar ń rà díẹ̀díẹ̀. Omi ń fọ pòtásíọ́mù àti kálísíọ́mù inú rẹ̀ lọ, ohun tí ó ṣẹ́kù á sì di amọ̀ funfun tí í ṣe ìbátan ẹfun tí àwọn Yorùbá fi ń kun ojúbọ. Ìpẹtà irin inú òkúta náà ni ó ń sọ amọ̀ yìí di pupa. Ní àgbègbè tí òjò tó nǹkan bíi 1,500 mílímítà ń rọ̀ lọ́dọọdún, kò yani lẹ́nu pé omi ti kó púpọ̀ nínú oúnjẹ ilẹ̀ lọ. Amọ̀ tí ó kù kò ní agbára púpọ̀ láti di oúnjẹ mú. Bí kálísíọ́mù bá sì ti lọ, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bí ó bá kan jù, alumíníọ́mù inú amọ̀ á tú jáde, á sì máa ba gbòǹgbò jẹ́.

Ibi tí amọ̀ Ìdànrè ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olótùútù nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́hùn-ún, amọ̀ lọ́ràá ṣùgbọ́n ó nira láti ro. Ní Ìdànrè, amọ̀ lè nira láti ro kí ebi sì tún máa pa á. Ẹni tí yóò tún un ṣe ní iṣẹ́ méjì níwájú: kí ó jẹ́ kí ó tú, kí ó sì bọ́ ọ.

Síbẹ̀, amọ̀ kì í ṣe ọ̀tá gbogbo ọ̀gbìn. Smyth àti Montgomery (1962), nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, fi orúkọ ìlú sọ oríṣiríṣi ilẹ̀: Ìwó, Oǹdó, Ẹ̀gbẹ́dá, Itagunmodi àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta tí ilẹ̀ ti jáde ni wọ́n fi pín wọn. Ilẹ̀ Itagunmodi, tí ó jẹ́ amọ̀ pupa, wà lára èyí tí ó bá kòkó mu jù. Smyth tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò nínú ìwé tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1966 lórí yíyan ilẹ̀ fún kòkó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: amọ̀ ń di omi mú de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò kòkó sì lágbára láti wá a kàn.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Òkè ilẹ̀, níbi tí ewé jíjẹrà ti sọ ilẹ̀ di dúdú, ni ó ti ń jẹun. Nínú igbó, ilẹ̀ dúdú yìí kò nípọn, amọ̀ pupa sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣán igbó, tí wọ́n sì ha ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ilẹ̀ dúdú náà ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó máa ń kù ní ẹ̀yìnkùlé ni amọ̀ ìsàlẹ̀ tí kò tíì rí oòrùn rí. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò sí i ni irú ọgbà báyìí ń pọ̀ sí i.

Eérú ààrò àti ilẹ̀ àkìtàn

Títí di 1923, orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀ dó sí. Àfin Ọwá àti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àwọn òkè náà sì wọ inú àkọsílẹ̀ ìṣáájú ti UNESCO fún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2007. Ibi tí àpáta ti yí ènìyàn ká kò ní ilẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣòfò. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, ohun tí ilé bá gbọ̀n dànù ní ibi tí wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àkìtàn tàbí ààtàn.

Ohun tí ó wà lórí àkìtàn ayé àtijọ́ yẹ fún àkíyèsí. Eérú ààrò ni ó pọ̀ jù, nítorí pé igi ni gbogbo ilé fi ń dáná. Ìkarahun ìgbín wà níbẹ̀, egungun ẹran wà níbẹ̀, èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí igi bá jó, náítírójìn inú rẹ̀ á bá èéfín lọ, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù, pòtásíọ́mù, magnesium àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á kù sílẹ̀ nínú eérú. Eérú, nítorí náà, jẹ́ òkúta tí igi ti bá ènìyàn lọ̀: gbòǹgbò ti wa ohun inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, iná sì ti tú u sílẹ̀. Ìkarahun ìgbín jẹ́ irú ohun kan náà tí òkúta ẹfun jẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì pọ̀ nínú egungun.

Kálísíọ́mù tí ó wà nínú eérú igi àti ìkarahun a máa ṣe iṣẹ́ méjì nínú amọ̀. Ó ń mú kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀, alumíníọ́mù tí ń ba gbòǹgbò jẹ́ á sì dì padà. Ó tún ń fa àwọn kóró amọ̀ tín-ín-tìn-ín mọ́ra wọn títí wọn yóò fi di wóró-wóró, tí omi àti afẹ́fẹ́ yóò fi rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Èèpo àti ìdọ̀tí tí ó ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá a di wóró-wóró náà mú kí ó má tú ká. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ àkìtàn fi máa ń dúdú, tí ó máa ń rọ̀, tí ilá àti gbúre sì ń lalẹ̀ hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Àwọn Yorùbá a máa wí pé ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìkìlọ̀ nípa ìwà ni òwe náà, ṣùgbọ́n nínú ọgbà, ìlérí ni ó jẹ́.

Ní oko pàápàá, iná ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ṣán igbó tí wọ́n sì sun ún, eérú tí ó bo ilẹ̀ á dín kíkan rẹ̀ kù fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó di igbó padà. Ètò yìí ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀ tó láti sinmi.

Ọṣẹ, kán-ún àti ìmọ̀ àwọn obìnrin

Kì í ṣe gbogbo eérú ni ó ń dé orí àkìtàn. Àwọn obìnrin tí ń ṣe ọṣẹ dúdú, iṣẹ́ tí a mọ ilẹ̀ Oǹdó mọ́, ń gba ti wọn. Wọn a da omi sí eérú, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi omi rẹ̀ se òróró títí yóò fi di ọṣẹ. Ohun tí ó ń jẹ́ kí omi eérú mú bẹ́ẹ̀ ni pòtásíọ́mù inú rẹ̀. Nítorí náà, láìlo ẹ̀rọ kankan, àwọn obìnrin wọ̀nyí ti to eérú sí ipò: èyí tí ó wá láti ara ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò nínú rẹ̀, láti ara èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti, nígbà tí kòkó dé, láti ara èèpo kòkó, lágbára ju eérú igi lásán lọ. Ìtòsípò yìí bá èyí tí ilé àyẹ̀wò rí lẹ́yìn-ò-rẹyìn mu: eérú igi ló ní kálísíọ́mù púpọ̀, eérú èèpo kòkó ló ní pòtásíọ́mù púpọ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Kán-ún tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè adágún Chad, tí wọ́n fi ń se ewédú àti ẹ̀wà, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan náà pè pẹ̀lú ohun inú eérú. Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà. Sódíọ́mù ni ó pọ̀ nínú kán-ún, sódíọ́mù sì ń ṣe òdì kejì ohun tí kálísíọ́mù ń ṣe: ó ń tú wóró-wóró amọ̀ ká, ilẹ̀ á sì dí pa. Ẹni tí ó bá da kán-ún sínú amọ̀ nítorí pé orúkọ jọra yóò ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ.

Kòkó gbòde

Ní 1874 ni wọ́n mú irúgbìn kòkó láti erékùṣù Fernando Po wá sí ìhà gúúsù ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ní nǹkan bíi 1880, J. P. L. Davies ti ń gbìn ín ní ìhà Àgége. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ti gbilẹ̀ dé ilẹ̀ Oǹdó àti Ìdànrè, amọ̀ àti òjò ibẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1923, tí ìlú tuntun sì gbèrú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Òdòde, Aládé àti Àtòsìn, kòkó ti ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀pá ìdiwọ̀n ọrọ̀. Berry (1975), nínú ìwé rẹ̀ lórí kòkó àti àyípadà àwùjọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó kọ nípa bí kòkó ṣe yí ètò ilẹ̀ àti ti iṣẹ́ padà ní àgbègbè wọ̀nyí.

Àyípadà mìíràn wà tí ìwé owó kì í sọ. Kòkó ń kó oúnjẹ ilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kòkó sábà máa ń lò ni pé 1,000 kílógíráàmù kóró kòkó gbígbẹ ń kó nǹkan bíi kílógíráàmù 20 náítírójìn, 4 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti 10 pòtásíọ́mù kúrò nínú oko. Bí èèpo rẹ̀ náà bá kúrò, iye pòtásíọ́mù tí ó lọ á ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé apá tí ó pọ̀ jù nínú pòtásíọ́mù èso kòkó kò dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò rárá. Inú èèpo ni ó wà, èèpo yìí ni wọ́n sì máa ń kó jọ gègèrè síbi tí wọ́n ti ń la kòkó. Ibi tí òkìtì náà wà á lọ́ràá àlọ́ràájù, ìyókù oko á máa gbó.

Òkìtì èèpo náà ní ewu tirẹ̀. Àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ de ìgbà òjò. Láti gbógun ti àrùn yìí ni ẹfun àkọ́kọ́ tí wọ́n rà fún oko fi wọ àwọn àgbègbè kòkó. Oògùn tí Millardet ṣàwárí fún èso àjàrà ní Faransé ní 1885, tí ó jẹ́ àdàpọ̀ kọ́pà aláwọ̀ aró àti ẹfun jíjóná, ni wọ́n ń po sínú omi tí wọ́n sì ń fín sára kòkó. Ẹfun dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ewé àti èso ni wọ́n rà á fún. Ohun tí ó kán sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kọ́pà ni ó kán sílẹ̀ tí kò sì lọ, nítorí pé kì í jẹrà, òjò kì í sì í tètè fọ̀ ọ́ kúrò nínú amọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe nínú àwọn oko kòkó tí wọ́n ti ń fín oògùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé kọ́pà a máa kó jọ sí òkè ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń kan tó ni gbòǹgbò ṣe ń fa kọ́pà náà mu tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ irú oko bẹ́ẹ̀ di ọgbà ẹ̀fọ́ ní ìdí méjì láti dín kíkan ilẹ̀ rẹ̀ kù.

Ajílẹ̀ inú àpò

Ní 1842 ni John Lawes gba ìwé àṣẹ lórí ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní England, ní ọdún kejì ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí Rothamsted. Láti ìgbà náà ni èrò pé oúnjẹ ilẹ̀ lè wá nínú àpò ti ń tàn káàkiri. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gba ètò ríra àti pínpín ajílẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀ ní 1976, owó ìrànwọ́ sì mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ti Onne, nítòsí Port Harcourt, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Ní 1997, ìjọba yọ ọwọ́ ìrànwọ́ kúrò, owó àpò kan sì di ohun tí alágbàtà ń dá lé e.

Ajílẹ̀ inú àpò ń bọ́ ilẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n kì í tú amọ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀, pàápàá àwọn tí náítírójìn wọn jẹ́ ti ammonia, a máa fi kún kíkan ilẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ní ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, èyí kò pa ohunkóhun lára. Ní ilẹ̀ tí òjò ti fọ̀ bí ti Ìdànrè, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bu oúnjẹ sí àwo tí ìdí rẹ̀ ti lu.

Òkúta ẹfun tí ìbá ṣe ìdọ́gba fún un kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 lórí òkúta ẹfun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta náà wọ Ìdànrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ògiri ilé ni ó tún ṣe. Amọ̀ tí wọ́n ha kúrò kí wọ́n tó mọ ògiri náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń dúró de ẹfun tirẹ̀.

Eérú lórí òṣùwọ̀n

Ọdún 1964 ni Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà (CRIN) dá dúró. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Ọ̀wẹnà, tí kò jìnnà sí Ìdànrè. Ní 1981 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Níbẹ̀ ni S. O. Ojeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí eérú igi àti eérú èèpo kòkó gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, tòmátì, ata àti àgbàdo. Ní ìlú Oǹdó, L. S. Ayeni, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, bá wọn kópa nínú iṣẹ́ náà. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 fi eérú èèpo kòkó wé ìgbẹ́ adìyẹ lórí àgbàdo.

Ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí sọ lápapọ̀ kò ṣòro láti gbọ́. Eérú ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ó ń fi pòtásíọ́mù, kálísíọ́mù àti magnesium kún un, irè oko sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n eérú nìkan kò tó, nítorí pé náítírójìn rẹ̀ ti bá iná lọ. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ìwọ̀nba ajílẹ̀ inú àpò, àbájáde rẹ̀ a máa dára ju kí wọ́n lo eérú nìkan lọ. Àkìtàn àtijọ́, tí eérú àti ìdọ̀tí jíjẹrà ti pàdé, ti ń ṣe irú àdàpọ̀ yìí tipẹ́; ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ó fún un ní òṣùwọ̀n àti àlàyé.

Yanrìn, gypsum àti lẹ̀búlẹ́bú òkúta

Àwọn ìmọ̀ràn mẹ́ta mìíràn wà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà máa ń gbọ́ láti òkèèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n da yanrìn sí amọ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ilé rí mọ ewu rẹ̀: amọ̀ tí wọ́n fi ìwọ̀nba yanrìn pò ni ó ń di bíríkì. Kí yanrìn tó lè sọ amọ̀ di ilẹ̀ ẹ̀fọ́, ó ní láti pọ̀ tó ìdajì ilẹ̀ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí agbára ọ̀pọ̀ ilé kò ká.

Èkejì ni gypsum. Nígbà tí omi òkun ya bo Netherlands ní oṣù kejì ọdún 1953, sódíọ́mù inú omi náà tú amọ̀ wọn ká, gypsum sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá a padà bọ̀ sípò. Ibi tí ó ti wúlò jù nìyẹn, nítorí pé kálísíọ́mù inú rẹ̀ ń lé sódíọ́mù jáde. Amọ̀ Ìdànrè kò rí omi òkun. Kíkan ni àìsàn tirẹ̀, gypsum kì í sì í wo kíkan ilẹ̀ sàn bí ẹfun àti eérú ti ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni lẹ̀búlẹ́bú òkúta. Ní Brazil, Òfin 12.890 ti ọdún 2013 ka òkúta lílọ̀ tí ń dá oúnjẹ ilẹ̀ padà mọ́ ohun èlò iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìròyìn yìí lè wú ìlú tí òkúta yí ká lórí. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tí ó ti ara iná abẹ́ ilẹ̀ jáde, tí kálísíọ́mù àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó ń tètè rà. Akọ òkúta bíi ti Ìdànrè ń lọ́ra gan-an: pòtásíọ́mù wà nínú feldspar rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Igi tí ó ti fi gbòǹgbò jẹ òkúta náà ní ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣe iṣẹ́ náà yá ju ọlọ lọ.

Ibi tí ọ̀nà ti já

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó dé tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé fi ń kú lórí amọ̀? Ohun mẹ́ta ni ìtàn náà tọ́ka sí. Ìkíní, ààrò ti ń yí padà. Ilé tí ó bá ń fi kẹrosíìnì tàbí gáàsì dáná kò ní eérú, ó sì ní ìdí tí ó dára fún un, nítorí èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, igbó sì ń tán. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó gé igi nítorí eérú. Ìkejì, àkìtàn ti yí padà. Nínú àkìtàn òde òní ni ọ̀rá, bátìrì àti ike wà. Bí wọ́n bá sun wọ́n, májèlé ni ó ń kù nínú eérú wọn. Eérú irú àkìtàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́. Ìkẹta, èèpo kòkó wà nínú oko lọ́ọ̀ọ́kán, amọ̀ tí ó nílò rẹ̀ sì wà ní ìlú. Kò sí ẹni tí ó ń kó o láti ibì kan dé èkejì.

Ìkẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ó ṣeé tún ṣe. Èèpo tí kò lárùn lè jẹrà pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ kí ó sì di ajílẹ̀. Èyí tí ó lárùn lè jóná, kí eérú rẹ̀ di ti ọgbà. Àmọ́ oko tí ó ni èèpo náà ní ẹ̀tọ́ sí i ṣáájú, nítorí pé pòtásíọ́mù rẹ̀ ni. Ìlú kò gbọdọ̀ tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe nípa sísọ oko di òtòṣì.

Ìwọ̀n sì ní láti wà. Tọ́ọ̀nù kan sí hẹ́kítà kan jẹ́ 100 gíráàmù sí mítà kan níbùú lóròó, èyí tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ. Eérú tí ó bá pọ̀ jù a máa jó ọ̀dọ́ irúgbìn, a sì máa ti ilẹ̀ ré kọjá ibi tí ó yẹ, débi pé irin àti zinc kò ní ṣeé fà mu fún gbòǹgbò. Kí wọ́n fọ́n ọn ṣáájú òjò, kí wọ́n ro ó mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn. Kí wọ́n má sì dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù nínú àpò kan náà, nítorí pé náítírójìn inú ìgbẹ́ náà á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn àtúnṣe amọ̀ ní Ìdànrè kì í ṣe ìtàn àìmọ̀kan tí ìmọ̀ dé bá. Òkúta bí amọ̀, òjò gba oúnjẹ rẹ̀, igi àti ènìyàn sì ń dá díẹ̀ padà nípasẹ̀ iná, ìkarahun àti àkìtàn. Kòkó mú owó wọ ìlú, ó sì mú oúnjẹ ilẹ̀ jáde. Ẹfun dé nítorí ewé kòkó àti nítorí ògiri ilé, kò dé nítorí ilẹ̀. Ajílẹ̀ inú àpò bọ́ ohun ọ̀gbìn, ó gbàgbé ara ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti fi hàn pé ohun tí àwọn obìnrin alásè àti àwọn olùṣe ọṣẹ ń fi ọwọ́ dì mú láti ìgbà pípẹ́ ní iye tí ó ṣeé wọ̀n.

Ó kù kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọgbà wọn wà lórí amọ̀ pupa, àwọn ẹgbẹ́ olókòwò kòkó àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ so okùn tí ó já náà pọ̀: kí èèpo má jẹrà lásán níbi kan, kí amọ̀ má sì máa le gbagidi níbòmíràn. Ọgbà ẹ̀fọ́ kan ní ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ìdajì rẹ̀ gba eérú èèpo kòkó àti ìgbẹ́ adìyẹ, tí ìdajì kejì kò gba nǹkan kan, tó láti jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara wọn ka ìtàn yìí láàárín ìgbà òjò kan.